Mọ́tò onígáàsì: Níbo ni awakọ̀ Lálúpọn yóò ti rọ gáàsì?

Ní ìdíkọ̀ Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ọ̀rọ̀ owó epo kì í tán lẹ́nu àwọn awakọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ l'Abuja pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba ti di bíi 500. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje ọdún náà, ó ti kọjá 600. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó kan 1,000 náírà, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ń kó gààrí, ẹ̀gẹ́ àti ọsàn láti àwọn abúlé Lágelú lọ sí ọjà Ìbàdàn kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Owó ọkọ̀ gun orí ọjà, ọjà náà sì gun orí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ní àwọn mú wá ni afẹ́fẹ́ gáàsì tí wọ́n ń pè ní CNG. Nínú ọdún 2023 yẹn náà ni wọ́n dá ètò Pi-CNG sílẹ̀, tí wọ́n ní ọkọ̀ mílíọ̀nù kan ni yóò máa lo gáàsì nígbà tó bá fi di ọdún 2027, tí wọ́n sì ya bílíọ̀nù 100 náírà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì onígáàsì. Wọ́n ní àwọn yóò bá ọlọ́kọ̀ èrò yí ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń lo mọ́tò ara rẹ̀ yóò sì rí ẹ̀dínwó gbà.

Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé gáàsì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dáná. Gáàsì ìdáná máa ń di omi nínú sìlíńdà rẹ̀. Èyí kì í di omi. Afẹ́fẹ́ ni, wọ́n kàn fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ títí tí èyí tó pọ̀ fi gba inú ibi kékeré ni. Ilẹ̀ Nàìjíríà ní in lọ́pọ̀ yanturu, ó lé ní 200 tírílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì, ọ̀pọ̀ ọdún la sì fi ń dáná sun ún lásán ní agbègbè Niger Delta. Bí wọ́n bá fẹ́ yí mọ́tò padà sí i, wọn kò ní yọ táǹkì epo kúrò. Wọn yóò gbé sìlíńdà sínú búùtù, wọn yóò fa páìpù rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì, wọn yóò sì ki bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ awakọ̀. Bí gáàsì bá tán lójú ọ̀nà, awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì náà, ọkọ̀ á padà sórí bẹntiróòlù.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í tètè gbàgbé nǹkan rántí pé ìlérí yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 2020, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe ìfilọ́lẹ̀ irú ètò yìí kan náà l'Abuja. Mílíọ̀nù kan náà ni wọ́n pè nígbà náà, wọ́n ní kó tó di ìparí ọdún 2021, àti pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ìparí ọdún 2021 dé, ó kọjá lọ, bẹntiróòlù ni àwọn awakọ̀ ṣì ń rà. Nígbà tó di ọdún 2025, ohun tí àwọn aláṣẹ ètò tuntun ń kéde ni pé ọkọ̀ tó ti yí padà lé ní 100,000. Ìyẹn lọ sókè ju ti àtijọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ṣèlérí ni.

Ìdí tí ọkàn àwọn awakọ̀ fi fà sí i kò ṣòro láti mọ̀. Kúbíìkì mítà gáàsì kan ń gbé mọ́tò dé ibi tí lítà bẹntiróòlù kan lè gbé e dé, ó tiẹ̀ máa ń fi díẹ̀ lé e. Ní ọdún 2024, 230 náírà ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan ní àwọn ibùdó tó wà nínú ètò ìjọba. Ká ní awakọ̀ kan ń jó lítà 10 lójúmọ́, owó epo 10,000 rẹ̀ ti di 2,300 náírà, 7,700 ti kù sí i lápò. Bó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù kan náírà ló fi yí ọkọ̀ náà padà lápò ara rẹ̀, iye tí kò ṣàjèjì lọ́dún náà, bí oṣù márùn-ún ni yóò fi rí owó náà kó padà, tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.

Awakọ̀ tí ilé ìta-gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò yìí bá mu o. Sìlíńdà tó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò kékeré kì í gbà ju kúbíìkì mítà 15 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo 10 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ padà síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀. Ní Èkó àti Abuja, àwọn awakọ̀ tó ti yí ọkọ̀ wọn padà ti ké gbàjarè pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn fi ń tò kí ó tó kàn wọ́n. Bí ará Èkó bá ń tò, kí ni ẹni tó ń ná ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó yóò ṣe? Bó bá fi bẹntiróòlù wá gáàsì lọ síbi tó jìnnà, tó tún tò títí oòrùn fi kan àtàrí, èrò òwúrọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, 7,700 yẹn sì ti di ìtàn.

Kì í ṣe pé àwọn olùtajà kórìíra ará oko. Bí iṣẹ́ gáàsì ṣe rí ló fà á. Ibi tí ọ̀pá gáàsì lábẹ́ ilẹ̀ bá gbà ni wọ́n ń kọ́ ibùdó ńlá sí, tí ẹ̀rọ yóò ti máa kì í mọ́lẹ̀. Ibùdó yòókù tí ọ̀pá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tírélà ni yóò máa gbé e lọ bá wọn, bí ìyá tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sọ́mọ nílé ọkọ. Bí tírélà bá pẹ́, ọmọ á sùn lébi. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé Ìlú Benin, tí ọ̀pá gáàsì wà nítòsí rẹ̀, ló ti ń rí i lò ní nǹkan bí ọdún 2010, àti tí àwọn ibùdó agbègbè wa fi kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi bí Ibafó. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá ilé iṣẹ́ Shell Nigeria Gas ṣe àdéhùn láti ri ọ̀pá gáàsì mọ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kì í gbé gààrí lọ sọ́jà Bódìjà.

Ìlú mìíràn ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè India pàṣẹ pé kí gbogbo bọ́ọ̀sì Delhi bọ́ sórí gáàsì kó tó di oṣù kẹta, ọdún 2001, nítorí èéfín ń pa ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, ibùdó kò tó, ọkọ̀ tò lójú títì tó fi mọ́ òru, wọ́n sì ní láti sún ọjọ́ náà síwájú. Ọdún 2002 ni wọ́n tó rí i ṣe tán. Àwọn ará Delhi jèrè rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìyà ààrin méjì yẹn, àwọn awakọ̀ àti èrò wọn ló jẹ ẹ́.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó jókòó s'Abuja lè má ro, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ búùtù. Maikirà ni ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Búùtù rẹ̀ kò tóbi. Bí sìlíńdà bá ti wọ ibẹ̀, níbo ni ìyálọ́jà tó gbé àpò gààrí méjì dání fẹ́ kó o sí? Awakọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ láti Ìwó Róòdù lọ sí Dùgbẹ̀ lè fara mọ́ ọn. Ti Lálúpọn, ìdajì owó rẹ̀ wà nínú ẹrù. Bọ́ọ̀sì kórópé tí wọ́n lè so sìlíńdà mọ́ nísàlẹ̀ sàn díẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ojú ọ̀nà oko kò bá ní máa ha án nídìí.

Ibi tó ti yẹ kí ẹ̀rù ba ènìyàn ni pé òṣì lè mú kí ẹlòmíràn wá ọ̀nà àbùjá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, mọ́tò kan bú gbàmù níbi tó ti ń rọ gáàsì ní Ìlú Benin, èèyàn mẹ́ta sì fara pa. Àwọn aláṣẹ Pi-CNG ní sìlíńdà inú rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, wẹ́dà ló jó o pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí fọkanáísà bá fẹ́ táyà Maikirà, bíi 30 ni irin ìwọ̀n rẹ̀ máa ń kà. Bí a bá fi irin yẹn kan náà wọn gáàsì inú sìlíńdà CNG tó kún, yóò súnmọ́ 3,000. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí géètì àti férémù kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, sìlíńdà gáàsì ìdáná kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ojúlówó pàápàá ní ọjọ́ orí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Malaysia kéde ní ìparí ọdún 2024 pé mọ́tò onígáàsì kò ní rìn níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 2025, àwọn kan ní Nàìjíríà ń pariwo pé ẹ wá wò ó, àwọn tó ṣe é ṣáájú ti sá. Sìlíńdà tó ti gbó ni wọ́n ń sá fún o: èyí tí ọdún 15 tí wọ́n dá fún un ti pé. Ọkọ̀ àlòkù ni awa ń rà. Ní ìdíkọ̀, mọ́tò máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ta ni yóò máa ka ọdún sìlíńdà, ta ni yóò sì yọ ọ́ nígbà tó bá pé?

Bí ìjọba bá fẹ́ kí ètò yìí kan ará Lágelú, ibùdó kan péré tí tírélà ń gbé gáàsì wá bá, lójú ọ̀nà Ìwó, yóò ṣe é láǹfààní ju kí wọ́n fún ọgọ́rùn-ún awakọ̀ ní sìlíńdà ọ̀fẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n mú mẹkáníìkì àti rewáyà bíi méjì, mẹ́ta láti agbègbè náà, kí wọ́n kọ́ wọn títí wọn yóò fi gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹni tí páìpù rẹ̀ bá ń jò má baà wá wẹ́dà lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe gbogbo èyí, mọ́tò, bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ètò náà dá lé. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú oko kì í bá mọ́tò pàdé títí tí ọ̀kadà yóò fi gbé e jáde sí ojú títì, bẹntiróòlù ni ọ̀kadà náà sì ń mu.