Iṣẹ́ Tí À Ń San Owó Rẹ̀ fún Kóòṣì

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹni tó bá kọjá létí pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó yóò rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi fèrè kọ́rùn, tí wọ́n ń pariwo "Ó ku méjì! Ó ku ọ̀kan!" mọ́ àwọn ìyá àti bàbá tí òógùn ti bò. Kóòṣì là ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sanwó fún wọn gbà pé ariwo yẹn àti òógùn yẹn ni ọjà tí àwọn rà. Bí òógùn kò bá ṣàn, wọ́n á ní kóòṣì jẹ owó àwọn gbé. Lójú tèmi, ìwọ̀n ni ọjà náà. Ẹ ń sanwó kí ẹnì kan lè mọ ibi tí agbára yín dé lónìí, kó mọ iye tó yẹ kó fi kún un, kó sì mọ ọjọ́ tí kò yẹ kó fi ohunkóhun kún un.

Bí ènìyàn bá ti lé ní 30 ọdún, iṣan ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bí ìdá 3 sí 8 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ wàràwàrà ló ń ṣáájú lọ, ìyẹn èyí tó máa ń kó ènìyàn yọ nígbà tó bá fẹsẹ̀ kọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń fẹsẹ̀ kọ tó ń sáré lọ, tí àgbà fi ń fẹsẹ̀ kọ tó ń balẹ̀. Ìrìn àárọ̀ dára fún ọkàn, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti dá iṣan yìí dúró. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kó ṣe irú rẹ̀, kó sì tún fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú iṣan le. Ẹni tó ti pé 65, wọ́n ní kó tún fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró gírí. Apá kìíní ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ wa gbọ́.

Ẹni tó bá sì ní ọjọ́ ti lọ lórí òun, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Boston. Ní 1990, dókítà obìnrin kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn nípa arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú àgbà. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni 86 ọdún, èyí tó dàgbà jù sì jẹ́ 96. Wọ́n ní kí àwọn arúgbó náà máa fi ẹsẹ̀ gbé irin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn mẹ́sàn-án ló ṣe é dópin, agbára ẹsẹ̀ wọn sì fi ìdá 174 nínú 100 pọ̀ sí i: ká ní ẹnì kan ń gbé kílò 10 tẹ́lẹ̀, ó ti ń gbé bíi 27 nìyẹn. Méjì nínú wọn jáwọ́ nínú ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ yìí kì í sábà sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n sún un dé ìdá 80 nínú 100. Lọ́sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń tún agbára náà wọ̀n, tí wọ́n sì ń fi irin kún irin. Kò sí ẹni tó fọn fèrè sí wọn létí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1945, Thomas DeLorme, dókítà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi ẹrù tó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀ tọ́jú àwọn ológun tí wọ́n fara pa. Ohun tí a bá bi ara ló máa ń dáhùn. Bí irin tí ẹ gbé lọ́dún tó kọjá bá jẹ́ èyí náà tí ẹ ń gbé lónìí, iṣan kò ní ìdí láti yí padà. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún ọkùnrin 20 ní iṣẹ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan ní kóòṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan dá a ṣe. Àwọn tó ní kóòṣì ló lágbára jù nígbẹ̀yìn, nítorí pé wọ́n tètè ń fi irin kún irin. Ènìyàn a máa ṣàánú ara rẹ̀.

Ó yẹ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú kóòṣì jẹ́ ọjọ́ ìbéèrè. Oògùn wo lẹ ń lò? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Orúnkún wo ló ń dùn yín? Lẹ́yìn èyí, àwọn ìdánwò kéékèèké: ká jókòó sórí àga, ká ká ọwọ́ mọ́ àyà, ká dìde, ká jókòó, ká wo iye ìgbà tí yóò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ká fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Dókítà kan wà ní Rio de Janeiro, Claudio Gil Araújo, tó ní kí àwọn tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì dìde, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tó kéré jù. Máàkì 10 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tàbí orúnkún ti ara rẹ̀ á pàdánù ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2012 lórí ènìyàn 2,002 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 51 sí 80, àwọn tí máàkì wọn kéré ni ikú tètè pa jù. Ọmọ Yorùbá ní irú ìdánwò yìí nílé: a ń dọ̀bálẹ̀, a ń kúnlẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí a ṣe ń dàgbà sí i, àwa ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, títí ara á fi gbàgbé ọ̀nà ilẹ̀. Kóòṣì tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìwọn yín rárá dà bíi télọ̀ tó gé aṣọ kó tó máa wá tépù.

Ojú kóòṣì tún ṣe pàtàkì níbi èémí. Bí ènìyàn bá ń gbé ohun wíwúwo tó sì sé èémí mọ́nú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè lójijì. Ní Kánádà, wọ́n wọn àwọn ọ̀dọ́ abarapá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti irin ńlá, wọ́n sì rí i tó dé 320 lórí 250. Ìròyìn náà jáde ní 1985. Fún ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, eré kọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ tẹ́tí sí kóòṣì yín: bí "ẹ mí síta" kò bá sí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń gbé nǹkan sókè, tí "ẹ ṣe é, ẹ ṣe é" nìkan ló mọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Kí lẹ tún máa wò? Ẹ má wo igẹ̀ rẹ̀. Igẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó kọ́ ara rẹ̀, kò fi hàn pé ó lè kọ́ ìyá ẹni 63 ọdún. Ẹ wo bóyá ó ní ìwé, ìbáà jẹ́ nínú fóònù. Ẹ bi í pé kílò mélòó lẹ gbé lóṣù tó kọjá. Bó bá ń họ orí, àfẹnusọ ló ń fi yín ṣe. Èyí tó bá ń ta àgbo ìfọnú tàbí tíì amúnirù mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sá fún un. Èyí tó bá sì sọ fún yín pé ìrora ẹ̀yìn yìí ti ju tòun lọ, kí ẹ lọ rí àwọn físíò ní ọsibítù, ẹ dì í mú. Kì í ṣe gbogbo kóòṣì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, torí pé owó ọ̀sẹ̀ yẹn á bọ́ lọ.

Ní ti owó, aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá a jọ kí kóòṣì kan máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ jíìmù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún inú rẹ̀ wọn kílò 5 àti díẹ̀. Bí ó bá ti fúyẹ́ jù, ẹ wá ti lítà 10. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ fún un pé ẹ fẹ́ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa dá a ṣe, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sì máa wá yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ pínyà, ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má baà tún bẹ̀rẹ̀ látorí kílò 2.