Owó Ìrànwọ́ fún Àwọn Olómàlúù Yúróòpù: Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn àgbẹ̀ olómàlúù ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù péjọ sí pápá kan nítòsí ìlú Ciney, wọ́n sì da nǹkan bí mílíọ̀nù 3 lítà wàrà sórí ilẹ̀. Wàrà náà kò bàjẹ́ rárá. Iye tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀ ni kò tó èyí tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìjọba kì í yé san owó ìrànwọ́ fún wọn. Báwo ni ọ̀ràn yìí ṣe jẹ́? Ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó kan ife tíì tí à ń mu ní ilé wa.

Ebi tí ó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ alájọṣe ní ọdún 1962. Ìjọba ṣèlérí láti ra ohun tí àgbẹ̀ kò bá rí tà. Kò pẹ́ tí bọ́tà àti wàrà gbígbẹ fi kún inú àká. Ní ọdún 1984 wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye wàrà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè pèsè. Wọ́n sì ń sanwó fún àwọn oníṣòwò kí wọ́n lè ta àṣẹ́kù náà ní ọ̀pọ̀ sí òkèèrè. Ní ọdún 2002, àjọ Oxfam ṣírò pé ìrànwọ́ orí màlúù kan ju dọ́là 2 lọ lóòjọ́, nígbà tí ìdajì àwọn ènìyàn ayé kò rí tó bẹ́ẹ̀ náwó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fẹnu kò ní Nairobi láti fòpin sí irú owó ọjà òkèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ kò tán. Ó kàn pa aṣọ dà ni. Bí ilẹ̀ àgbẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni a fi ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ń bọ́ sọ́wọ́ ìdá 20 àwọn tí ń gbà á. Nígbà tí òdiwọ̀n 1984 kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2015, tí Rọ́ṣíà sì ti ti ìlẹ̀kùn ọjà rẹ̀ láti ọdún 2014, owó wàrà já wálẹ̀. Ní ọdún 2016, Yúróòpù ya mílíọ̀nù 150 yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí yóò gbà láti dín wàrà tí wọ́n ń pèsè kù.

Ibo ni àṣẹ́kù ń lọ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní lẹ́búlẹ́bú. Owó ibodè ECOWAS lórí èyí tí ó wà nínú àpò ńlá jẹ́ ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Òmíràn jẹ́ èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ṣe bọ́tà, tí wọ́n wá fi epo ọ̀pẹ dípò. Ó rọ ìyá ọlọ́mọ lọ́rùn láti rà. Ṣùgbọ́n obìnrin Fúlàní tí ó ru igbá wàrà lọ sọ́jà kò lè bá a du iye owó.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kí á máa ríran. Wàrà tí màlúù tiwa ń mú wá lójúmọ́ kéré; ọ̀nà kò dára, iná mànàmáná kò sì sí tí yóò mú un tutù. Bí wọ́n bá dá mílíìkì òkèèrè dúró lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ní ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi owó ilẹ̀ òkèèrè fún rírà mílíìkì mọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ 6. Ìfòfindè nìkan kì í sì í bọ́ màlúù.

Lójú tiwa, owó ìrànwọ́ kì í ṣe ohun búburú. Ohun tí Yúróòpù kọ́ wa ni pé ọ̀nà tí a gbà pín in ni ó ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu dá ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Bí owó bá ti ibẹ̀ jáde, kí ó di koríko, omi, ibi ìkówàràjọ àti ẹ̀rọ amútutù. Darandaran tí ó rí wàrà tà lójú kan kò ní máa da ẹran wọ oko olóko. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ará, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè: ta ni owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?