Kí Á Tó Pè É Ní Òrìṣà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi amọ̀ mọ orí, ó sì gbé e wá sí kíláàsì. Olùkọ́ kan wò ó fìrí, ó ní, "Òrìṣà nìyí," ó sì là á mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ.

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó wo orí amọ̀ yẹn dáadáa kí ó tó sọ ọ́ ní òrìṣà?

Ẹ wo iṣẹ́ Ranti Bam, ọmọbìnrin tí a bí ní Èkó, tí ó ń fi amọ̀ ṣe ọnà. Bí ó bá mọ ìkòkò ńlá tán, tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, yóò dì mọ́ ọn. Ìkòkò náà yóò tẹ̀, yóò sì hunjọ bí awọ ara. Iná ni yóò wá sun ún, àpá ìdìmọ́ra yẹn kò sì ní parẹ́ mọ́. Ó pe àwọn iṣẹ́ náà ní Ifas. Orúkọ yìí ń tọ́ka sí Ifá, ó sì tún ń tọ́ka sí fífa nǹkan mọ́ra. Ta ni yóò tètè mọ ìyàtọ̀ yìí bí kò ṣe ọmọ tí a kọ́ ní àmì ohùn?

Ní ọdún 2023, nígbà àfihàn Liverpool Biennial ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méje nínú wọn jókòó lórí àpótí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Abell sí ní ọdún 1717, ẹrú tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ ìlú náà dárúkọ. Bí oòrùn bá ràn sára amọ̀ tí ó hunjọ, òjìji ni yóò fi ibi tí ara ènìyàn ti kàn án hàn. Ara tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ń jẹ́rìí pé òun ti wà rí. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sì wó.

Ẹnìkan lè ní àwọn baba wa fi amọ̀ ṣe ojúbọ. Òótọ́ ni. Amọ̀ náà ni wọ́n fi mọ ìkòkò ọbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi mọ orí ènìyàn ní Ifẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná rẹ̀.

Bí ọmọ bá gbé amọ̀ dé, ẹ bi í pé, "Ta nìyí?" Ó lè dáhùn pé, "Èmi ni." Mo wà ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn. N kò bi í.