Ọmọ Tí Ó Rí Àyè Nínú Báǹdì



Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ wọ báǹdì ní ilé-ìwé gírámà ni a fẹ́ jùmọ̀ gbé yẹ̀wò lónìí. Àwọn òbí mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní fèrè àti ìlù yóò ba ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́, yóò sì sọ ọ́ di ọmọ ìta. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọmọ kan.

Ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà ni a bí Louis Armstrong sí ní 1901. Láti kékeré ni baba rẹ̀ ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ní òru tí ọdún 1912 ń kógbá sílé, ọmọ ọdún 11 yìí yin ìbọn ní ìgboro. Ọlọ́pàá mú un, ilé-ẹjọ́ sì fi í ránṣẹ́ sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú sọ́nà. Ilé náà ní báǹdì, Ọ̀gbẹ́ni Peter Davis sì ni olùkọ́ wọn.

Armstrong fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé tí ó kọ jáde ní 1954 pé olùkọ́ yìí kò kọ́kọ́ fẹ́ràn òun, nítorí irú àdúgbò tí òun ti wá. Nígbà tí ó yá, ó fi tanboríìnì lé e lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ìdí ìlù, lẹ́yìn náà ó dé ìdí fèrè. Nígbẹ̀yìn, òun ni wọ́n fi ṣe olórí báǹdì. Ọdún 1914 ni ó kúrò níbẹ̀. Lóòótọ́, orin jáàsì ni ó fi ṣiṣẹ́ ṣe, kì í ṣe orin ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ipò ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, àyè ni. Nínú báǹdì, bí ẹnì kan bá sáré jù, orin dàrú. Ọmọ tí ó ń tètè dé ibi ìdánrawò, tí ó ń fetí sí ẹnìkejì, tí ó ń nu fèrè tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti ń kọ́ bí a ti ń ṣe olórí kí a tó pè é bẹ́ẹ̀. Nínú Kíróníkà Kìíní orí 25, akọrin 288 ni a pín sí ọ̀nà 24. Àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n jọ ṣẹ́ kèké ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ rí olùkọ́ tí ń darí báǹdì náà. Ẹ mọ ọjọ́ ìdánrawò, ẹ sì ya àkókò ìwé kíkà sọ́tọ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ọmọ tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí a ti sọ lórúkọ burúkú, ẹ fún un ní ohun tí yóò mú dání. Bí a kò bá fún un ní àyè, ìgboro yóò fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ó bá jẹ́ tanboríìnì ni a fún yín, ẹ lù ú bí ẹni tí Olúwa ń gbọ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ wa. Àmín.