Oṣù Mẹ́fà Ti Tó Alága: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ẹgbẹ́ Ìlàjẹ, Bàrígà

Ìdìbò kan ló bí ìwé yìí.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pe ìpàdé ìdìbò náà. Kó tó di mẹ́ta ààbọ̀, kéèsì bíà mẹ́fà ti wọlé, paraga sì ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ní ká nawọ́, ta ni kò mọ ẹni tí a ń nawọ́ sí? Alága tó ti wà lórí àga fún ọdún mọ́kànlá tún padà jókòó. Ẹnì kan dìde, ó béèrè ìwé owó. Akápò ní ó já bọ́ sínú ọ̀sà lọ́jọ́ tí òun wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Mákòókó. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dun àwa tí a kọ ìwé yìí títí dòní, nítorí owó tí a fẹ́ fi sin àwọn òbí wa ló wà nínú ìwé náà.

Ọ̀pọ̀ á ní ọtí ló bà á jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Ìlàjẹ rántí 2015, nígbà tí ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 15 ní agbègbè Òde-Ìrèlé, nítòsí ilé wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣùgbọ́n bí a bá lé ọtí kúrò níbi ìdìbò, ìrẹsì á rọ́pò rẹ̀. Bí a bá lé ìrẹsì, ànkárá ń bọ̀ lẹ́yìn. Àga tí kò ní ọjọ́ ìdìde ni gbogbo wọn ń sìn.

Àwọn tó fi ọtí ṣe ọ̀tá ló kọ́kọ́ rí èyí. Ní 1840, ọ̀mùtí mẹ́fà ní Baltimore, Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ Washingtonian sílẹ̀, wọ́n búra pé àwọn kò mu mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ tẹ̀lé wọn. Ìbúra pọ̀, òfin kò sí, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi túká. Ọkùnrin 16 tó pàdé ní New York ní oṣù kẹsàn-án 1842 láti dá Sons of Temperance sílẹ̀ ti rí ìparí eré yẹn. Wọ́n dá owó ẹgbẹ́ sílẹ̀: ẹni tó bá ṣàìsàn á rí nǹkan gbà, ẹni tó bá kú á rí owó ìsìnkú. Èsúsú àti ẹgbẹ́ ìsìnkú tiwa kò jìnnà sí i. Bí owó sì ti wọ ọ̀rọ̀, ìbéèrè dé: ta ni kó dì í mú, títí di ìgbà wo?

Oṣù mẹ́ta ni ìdáhùn wọn nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ á tún dìbò yan alága, akọ̀wé, akápò, títí dé àwọn olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ti inú àti ti ìta. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta náà ni ọ̀rọ̀ àṣírí ìwọlé ń yí padà, ẹni tó bá sì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè kò ní gbọ́ tuntun. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹni tó máa bá onígbèsè jà, ẹnu ọ̀nà ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú òfin wọn rèé, a sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́ ọ. Alága tó bá parí oṣù tirẹ̀ kì í padà sí ẹ̀yìn yàrá bí ẹni tí wọ́n lé. Oyè ń dúró dè é, oyè “ẹni tó ti ṣe alága rí”, àyè ọlá tirẹ̀ sì wà nínú ìpàdé. Àwa ńkọ́? Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí àga ní àdúgbò wa, wọ́n á ní wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ọ lọ́jà. Kí ló dé tí kò fi ní ra bíà kéèsì mẹ́fà? Ìbẹ̀rù ìtìjú lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn alága wa ju ojúkòkòrò lọ, bí ojúkòkòrò náà kò tilẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ní oyè bàbá ìsàlẹ̀ látayébáyé. Ẹ jẹ́ kí gbogbo alága tó bá fi ìwé owó tó péye sílẹ̀ di bàbá ìsàlẹ̀ tàbí ìyá ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àga iwájú, láìní kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́.

A sọ pé ìyá ìsàlẹ̀, kì í ṣe àṣìsọ. Ẹgbẹ́ Good Templars, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1851, gba obìnrin wọlé, wọ́n ń dìbò, wọ́n sì ń di ipò mú, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà kò tíì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin dìbò ìjọba. Àwọn tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà wa ló ń dáwó jù, síbẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ nìkan la fi ń ṣe wọ́n ní alábòójútó.

Àwọn Good Templars pàápàá ṣubú. Ní 1876, ní ìlú Louisville, wọ́n jà lórí bóyá kí aláwọ̀ dúdú wọ ẹgbẹ́. Joseph Malins, olórí wọn ní Britain, àti àwọn tó tẹ̀lé e bínú jáde, ọdún 11 kọjá kí wọ́n tó tún ṣọ̀kan ní 1887. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àdúgbò, ẹ gbọ́?

Ní Èkó níbí, àwọn olórí ìjọ bíi Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti James Johnson bá jíìnì òyìnbó jà kíkankíkan. Owó orí ọtí ni ìjọba amúnisìn ń jẹ nígbà náà, ìgbìmọ̀ ìwádìí 1909 kò sì gba ẹjọ́ wọn. A kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. A kàn ń sọ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ ẹni kò nílò àṣẹ gómìnà.

Àbá wa ni pé kí alága lo oṣù mẹ́fà, kó lè tún un lò lẹ́ẹ̀kan, kó sì sinmi. Wọ́n á ní oṣù mẹ́fà kò tó gbẹ́ gọ́tà kan. Gọ́tà ti ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti alága. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á bá a nínú ìwé, á sì máa gbẹ́ ẹ lọ. Ìdìbò tí a fi ń nawọ́ gbọ́dọ̀ tán. Àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ a máa fi bọ́ọ̀lù kékeré funfun àti dúdú gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Àwa á fi ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa dìbò nínú igbá tí a fi aṣọ bò. Ọtí àti oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé títí wọ́n á fi ka ẹ̀wà tán. Ìwé owó á jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, èkejì nílé ẹni tí kò di ipò kankan mú, a ó sì máa kà wọ́n síta ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

A ti ra ìwé méjèèjì ní Ṣómólú. Ìkankan nínú wọn kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi.