Ìbọn ọlọ́pàá ìgboro, inú àkọ̀ ló yẹ kó wà

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, lábẹ́ afárá Ajah ní Èkó, ASP Drambi Vandi láti àgọ́ ọlọ́pàá Ajiwe yìnbọn pa agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem nínú ọkọ̀ tí òun àti ẹbí rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Ibironke Harrison dájọ́ ikú fún Vandi. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò yí bí ọlọ́pàá ṣe ń gbé ìbọn padà. Iṣẹ́ ká dá ọkọ̀ dúró láàárín Ajah, Addo àti Badore, ká béèrè ìwé ọkọ̀, kò gba ìbọn gígùn lọ́wọ́. Ìbọn ìléwọ́ kékeré tó wà nínú àkọ̀ tó bá a mu ti tó.

Ibi tó bá a mu yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe gbogbo àpò tí wọ́n so mọ́ ìgbànú ni àkọ̀. Ìbọn oníyípo, ikùn rẹ̀ tí ọta ń gbé a máa yọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá kì í bọ àkọ̀ ìbọn pẹlẹbẹ, yálà kó há tàbí kó máa mì. Àkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn pátápátá, kó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ láti òde. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa dé nígbà tí ìbọn bá jáde. Awọ tó ti rọ̀ ló burú jù, nítorí etí rẹ̀ lè ká wọnú, kó sì fa ìbọn bí ìka ṣe ń fà á nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà. (Òógùn ọ̀sán Lekki kì í sì í ṣe awọ lóore; ike líle sàn jù.) Kó tún ní okùn ìdè, kí ẹni tó bá ń bá ọlọ́pàá wọ̀jà má baà já ìbọn gbà.

Àwọn kan yóò sọ pé adigunjalè ń gbé AK-47. Òótọ́ ni, ikọ̀ tó ń kojú wọn ni kó máa gbé ìbọn gígùn. Wọ́n á ní àkọ̀ ń fa ìdádúró. Ìdádúró yẹn gan-an ni mo ń wá: kí ènìyàn tú okùn, kó fa ìbọn yọ, kó tó nà án, ìbínú lè ti rọlẹ̀. Àkọ̀ kò lè wo ìwà ìkà sàn, n kò sì ní kó rọ́pò ìdájọ́. Aráàlú tó bá sì ń rò pé òun náà á ra ìbọn tòun, Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ìjọba tó ń ra ìbọn fún ọlọ́pàá ló yẹ kó ra àkọ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Vandi, ẹ̀rí ọlọ́pàá fi hàn pé ọta 25 ni wọ́n fún un, méjì sì dín nígbà tó dá a padà. Ìwé tó lè ka ọta lè ní ìlà kan fún àkọ̀: irú ìbọn wo ló wà fún, ṣé okùn rẹ̀ ṣì ń dè, ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì le. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yege, kó fi ìbọn sílẹ̀ ní àgọ́ lọ́jọ́ náà.