Ọ̀rọ̀ “Sell” àti Ọ̀rọ̀ “Tà”

Bí ọmọ ilé-ìwé bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé kí ni ìtumọ̀ “sell” ní èdè wa, kíákíá ni olùkọ́ yóò dáhùn pé “tà” ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí inú ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí máa ń jáde kúrò ní ọjà lọ sí ibi púpọ̀, “tà” kò sì gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé e kiri bí ajá. Àìmọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró ń ba èdè wa jẹ́. Ní ti ilẹ̀, ó sì lè gba ogún lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ewé ti oṣù yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ kékeré náà.

Ní ayé àtijọ́, “sellan” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀rọ̀ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà ni pé kí a fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìbáà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe fún owó. Ó pẹ́ kí owó tó gba ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí àwa náà ń ta ọjà, a sì ń ta ènìyàn lọ́rẹ. A kò sọ pé gbòǹgbò kan náà ni “ta” méjèèjì. A kàn ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ a máa ní ìtàn, àti pé ẹni tí kò mọ ìtàn ọ̀rọ̀ kò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nínú ọjà, èdè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Gẹ̀ẹ́sì a máa lo “sell” fún ọlọ́jà, a sì máa lò ó fún ọjà tìkára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa ń wí pé obìnrin náà ta aṣọ, tí a sì ń wí pé aṣọ náà tà. Ẹ sì wo bí tiwa ti lọ́rọ̀ tó. Ọjà tí kò rí olówó, ó kùtà. Ẹni tí ó gba ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti tà á ni alágbàtà. Ẹni tí ó gbé ọjà fúnni kí ó tó rí owó gbà, ó tà á láwìn. Ẹni tí ó dín owó, ó tà á lọ́pọ̀. Ẹni tí ó sì gbé ẹrù ẹlẹ́rù lọ fún olówó, ó lù ú tà ni.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa lo “sell” bí ẹnìkan bá mú kí ẹlòmíràn gba èrò kan, a sì máa lo “buy” bí ènìyàn bá gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Nísinsin yìí, a ń gbọ́ ọ pé olóṣèlú kan “ta èrò rẹ̀ fún ìlú”, àti pé ìlú “kò rà á”. Àtẹ wo ni a pa èrò náà sí? Èló ni a ná an? Yorùbá a máa fi ọ̀ràn lọ ìlú. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a gbà á. Bí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a ní ọ̀rọ̀ náà kò wọ àwọn létí.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn tí ń gba ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n “mọ bí a ti ń ta ara ẹni” bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ìyànjú náà kò ní ibi nínú. Ní etí wa, ẹrú ni ènìyàn tí a ń tà. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, mọ ohun tí títà ènìyàn jẹ́. A kó o lẹ́rú ní 1821. A fi ẹṣin pààrọ̀ rẹ̀, a sì tún fi tábà àti ọtí pààrọ̀ rẹ̀, títí a fi tà á fún àwọn Potogí, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú omi ní oṣù kẹrin 1822. Ẹni yìí kan náà ni ó ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Èdè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wa tò kò yẹ ní ohun tí a ń fi ṣeré. Kí a sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn. Kí a má ṣe sọ fún un pé kí ó ta ara rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù. Nínú àṣà wa, baálé lè fún àlejò ní ilẹ̀ dáko, kí àlejò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ìnira bá lè fi oko rẹ̀ dógò. Nínú gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Bí akọ̀wé bá wá fi “sell” kọ ọ́ sínú ìwé, tí baba tí kò mọ̀wé sì tẹ àtàǹpàkò sí i, ohun tí ó fẹnu sọ àti ohun tí ó fọwọ́ sí ti di méjì.

Ẹ rántí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé dé iwájú Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ náà dá a pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, àti pé owó ìtanràn tí ìjọba yóò san gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Viscount Haldane, tí ó ka ìdájọ́, kìlọ̀ pé àwọn ènìyàn a máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ibòmíràn láìfura, bẹ́ẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ náà kò bá ẹ̀tọ́ náà mu. Bí adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá lè rí èyí, kí ni ó dí àwa lójú?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ògbufọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé agbẹjọ́rò, a bẹ̀ yín: bí “sell” bá dé iwájú yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá owó pààrọ̀ ọwọ́, àti bóyá ohun náà kúrò lọ́wọ́ olóhun títí láé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ “tà”. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá a mu. Ẹ wá a kàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.